Lẹ́tà sí Bọ̀dá Ọ̀tá-Epo

Bọ̀dá mi àtàtà,

Ẹ kú ìjà epo. Mo gbọ́ pé ẹ ti kéde pé ọ̀rá kò ní wọ ẹnu yín mọ́ láéláé, pé ẹ̀fọ́ tó bá ń dán lójú, kí wọ́n máa gbé e fún ajá. Ẹnu ya ìyàwó yín, kò lè sọ̀rọ̀. Èmi àbúrò yín á bá a sọ ọ́.

Níbo lẹ fẹ́ lé ọ̀rá gbà, Bọ̀dá? Òun ni awọ tó bo gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara yín. Ọ̀rá ibẹ̀ ní orí kan àti ìrù méjì: orí fẹ́ràn omi, ìrù kórìíra omi bí ẹ ṣe kórìíra epo. Wọ́n bá tò ní ìpele méjì, wọ́n kọ orí síbi tí omi wà, wọ́n fi ìrù pamọ́ sáàárín. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù tí ẹ ń sá fún ńkọ́? Ara yín fúnra rẹ̀, pàápàá ẹ̀dọ̀, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ara ń fi í ṣe òróǹro tó ń ṣèrànwọ́ láti da ọ̀rá inú oúnjẹ, ó sì ń fi í ṣe hòmóònù tó hu irùngbọ̀n tí ẹ fi ń yangàn.

Epo pupa, òróró ẹ̀pà, àdí, òrí: ọmọ ìyá ni wọ́n. Nínú gbogbo wọn, gílísẹ́rọ́ọ̀lù kan ló so fátì ásíìdì mẹ́ta, irú àwọn ìrù tí mo sọ lókè yẹn, mọ́ra. Fátì ásíìdì tó bá gún gbọọrọ máa ń fún pọ̀, ọ̀rá á dì; èyí tó bá tẹ̀ kò lè fún pọ̀, á máa ṣàn. Epo pupa ní oríṣi méjèèjì. Ẹ wo ìgò rẹ̀ nígbà ọyẹ́: èyí tó dì á rọ̀ sísàlẹ̀, èyí tó pupa á léfòó.

Ohun tó mú un pupa náà ni ara ń sọ di fítámìnì A. Fítámìnì A, D, E àti K kì í yòrò nínú omi, ọ̀rá ló ń gbé wọn wọ ara. Ẹ̀fọ́ aláìlépo tí ẹ ń jẹ, díẹ̀ lojú yín ń rí gbà níbẹ̀.

Lóòótọ́, gíráàmù ọ̀rá kan ní kálórì 9, ti ṣúgà jẹ́ 4, nítorí náà kò yẹ ká máa da epo bí ẹni da omi. Àmọ́ wọ́n ní ìgò ẹlẹ́rìndòdò kì í wọ́n lọ́wọ́ yín. Ṣúgà tó bá pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di ọ̀rá. Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ epo, ẹ wá ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún un!

Bọ̀dá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín bu ṣíbí epo kan sí ẹ̀fọ́, kó má dáná sí i títí àwọ̀ rẹ̀ á fi ṣí. Bí dókítà bá ní kí ẹ dín in kù, ẹ dín in kù. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé sílẹ̀.

Èmi ni,
Àbúrò yín tó ń jẹ ẹ̀fọ́ elépo.