Ìjàpá àti Ọ̀kẹ́ Kan Ìró Gìtá

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá lórí Ìjàpá, ọkọ Yánníbo, àti Alágẹmọ tí kò sáré rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ọjà Igbó ló ti ṣẹlẹ̀, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé ọjà èèyàn ni Ọjà Igbó. Igbó lorúkọ ọjà. Ta lẹ rò pé ó kọ́kọ́ nájà níbẹ̀?

Kìnnìún ló wà lórí oyè nígbà náà. Àkàndé ni oríkì rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ta òrí lábẹ́ igi ẹmi. Gramafóònù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá òrí rẹ̀, awo kan ṣoṣo ló sì ní: orin kọ́ńtrì ti Jim Reeves, ará Amẹ́ríkà tí ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ já ní 1964 tó sì kú. Títí dòní, àwọn ilé kan ń bẹ nílẹ̀ yìí tí wọ́n ń gbọ́ ọkùnrin yẹn ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ni. Ìyá Kìnnìún kò gbọ́ èèbó. Ohùn ló gbọ́. Ó wá kó ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sínú orin náà, ó ń fi rẹ Àkàndé lẹ́kún. Àkàndé dàgbà, ó jọba, orin yẹn ló ṣì fi ń sùn.

Ìyá kú. Kìnnìún ò sùn mọ́. Oṣù kan, kò sùn. Oṣù méjì, kò sùn. Ọba tí kò sùn, ìlú rẹ̀ ò ní sùn: òru ló ń pe ìgbìmọ̀, òru ló ń bu owó orí. Ó wá kéde pé ẹni tó bá lè ta orin ìyá òun lórí gìtá kí òun fi sùn, òun ó sanwó fún un.

Ìjàpá gbọ́ owó. Ọ̀yọ́ ló ń gbé. Ó dìde, ó di Ògbómọ̀ṣọ́, ó di ọ̀dọ̀ Alágẹmọ. Orí ẹ̀ka igi ẹmi yẹn gan-an ni Alágẹmọ ń gbé. Kò sí orin tí ìyá kọ tí kò gbọ́.

Ìjàpá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́ mi."

Alágẹmọ ní, "Jókòó. Kí o tó fọwọ́ kan okùn, jẹ́ kí n sọ ohun tí ìyá máa ń wí."

Ìjàpá ní ṣé ọ̀rọ̀ lòun bèèrè ni? Ìka lòun wá wò. Ó wo ìka Alágẹmọ: ó pín sí méjì bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi sunkún. Nígbà tó ń lọ, ó yà sí ìsọ̀ òkú ìyá, ó jí awo gbé.

Nílé, awo tó yẹ kó máa yí ìgbà 33 ní ìṣẹ́jú kan, ó gbé e sórí 45. Orin ń sáré. Ohùn ọkùnrin Amẹ́ríkà di ohùn ọmọ eku. Ìjàpá ń fi ìka lé e. Ọjọ́ méje, ó bá a. Ọjọ́ mẹ́rìnlá, ó yà á sílẹ̀. Ó fi iná mànàmáná sí gìtá rẹ̀, ó ń wí kiri pé kò sẹ́ni tó ṣe irú rẹ̀ rí, nǹkan tí Àyìndé Bákàrè ti mú wọ jùjú láti 1949. Ó ní kí àwọn oníṣọ̀nà awọ Ọ̀yọ́ ṣe okùn èjìká aláràbarà fún un. Wọ́n ṣe é. Kò san owó rẹ̀ tán.

Ó wá gba ẹ̀yìn ààfin wọlé lóru. Ó ní, "Kábíyèsí, ọ̀rọ̀ owó kò yẹ kó jẹ́ ti ojú-ló-rí-i. Ẹ jẹ́ kí a máa kà á. Ìró kan, ẹyọ owó kan."

Kìnnìún ní ó dáa.

Ìjàpá rántí Alágẹmọ. Inú rẹ̀ ò gbà pé kí ẹlòmíràn rí ogún ẹyọ. Ó tún ní, "Kábíyèsí, ẹni tó bá ta á tí ẹ ò sùn ńkọ́? Kó san iye ìró tó ta fún ààfin." Ó mọ̀ pé Alágẹmọ ò lówó, ẹ̀rù á bà á.

Kìnnìún ní ó dáa. Wọ́n pe èèrà kó wá kà á: ìró kan, èèrà kan á gbé ẹyọ kan sọ́tọ̀.

Ọjọ́ pé. Ọjà Igbó kún. Àwọn Ọ̀bọ tí wọ́n gbọ́n nípa gìtá jókòó síwájú. Ìka ni wọ́n ń wò. Kò sẹ́ni tó wo ojú ọba. Ìjàpá gbé gìtá. Ẹ gbè é kíkankíkan o, bẹ́ẹ̀ lòun náà fẹ́ ẹ:

Ta ló ń ta gìtá lọ́jà?
Jáńjálá!
Ìjàpá ló ń ta gìtá lọ́jà.
Jáńjálá!
Ìka ń sáré bí ọ̀kẹ́rẹ́.
Jáńjálá!
Èèrà ń kà á, ẹyọ ń pé.
Jáńjálá, jáńjálá, jáńjálá!

Ó sáré gòkè. Ó sáré sọ̀kalẹ̀. Ó gbé gìtá sẹ́yìn ta á. Ó fi ẹnu ta á. Àwọn Ọ̀bọ ń pariwo. Òógùn ń bo èèrà. Ibi tí orin ti yẹ kó balẹ̀, Ìjàpá ò jẹ́ kó balẹ̀. Ó máa ń fi ìró kan há a sókè tíntín, kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin ará, ẹ fetí sílẹ̀ níbí. Ọ̀rọ̀ tí ìyá kó sínú orin yẹn kò ju méjì lọ: Àkàndé, sùn. Ẹ fi dùndún lù ú nínú yín: dò-dò-mí, dò. Ìjàpá tí kò jókòó gbọ́ ọ, dò-dò-mí, mí ló ń ta. Kí ni Kìnnìún ń gbọ́? Àkàndé, jí! Ojú ọba ń pàdé lọ, Àkàndé, jí! Ó fẹ́ gbé orí lé apá, Àkàndé, jí! Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná.

Nígbà tó parí, èèrà ní ọ̀kẹ́ kan ni, 20,000 gééré. Àwọn Ọ̀bọ dìde dúró. Ìjàpá tẹ́ àpò. Kìnnìún lajú sílẹ̀, ó ń wò ó.

Ó kan Alágẹmọ. Láti ìdí igi dé àárín ọjà, àwọn kan ti lọ jẹun wọ́n ti dé. Ó gbé gìtá rẹ̀ tẹ́ sórí itan, ó mú irin kékeré kan lé okùn. Irú irin tí àwọn onígìtá kọ́ńtrì Amẹ́ríkà ń fà ni, èyí tí Démọ́lá Adépọ̀jù fà fún King Sunny Adé nínú Juju Music ní 1982. Ẹni tó bá mọ dùndún mọ ohun tí irin yẹn ń ṣe: bí onílù ṣe ń dẹwọ́ lára ọ̀sán kí ohùn lè yọ̀ bọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti yà bàrá, ẹ jẹ́ kí n padà.

Àwọ̀ Alágẹmọ yí. Ó di àwọ̀ òrí.

Ta ló ń ta gìtá lọ́jà?
Rọra.
Alágẹmọ ló ń ta gìtá lọ́jà.
Rọra.
Ìyá ń bọ̀ lábẹ́ igi ẹmi.
Rọra, rọra.

Dò-dò-mí, dò. Ó dúró. Èèrà gbé ẹyọ mẹ́rin, wọ́n ń retí. Àwọn Ọ̀bọ ń wojú ara wọn: ṣé okùn já ni? Dò-dò-mí, dò. Ó tún dúró. Ní ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án, Kìnnìún gbé orí lé apá. Ní ẹ̀ẹ̀kẹwàá, ó hanrun.

Ogójì ẹyọ. Okùn owó kan. Alágẹmọ gbé e kọ́ ọrùn. Ọ̀bọ kan ní ọmọ òun ọlọ́dún mẹ́ta lè ta ìyẹn. Wọ́n ní kó panu mọ́, ọba ń sùn.

Ọjọ́ méje ni Kìnnìún fi sùn. Ó jí, ó ní, "Ọ̀kẹ́ kan mi dà?" Ìjàpá ti sá padà sí Ọ̀yọ́. Ọba rán ìjàlọ lọ dógò tì í. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ológò: ilé onígbèsè ló ń lọ jókòó sí, á máa jẹ oúnjẹ rẹ̀, á máa bú u, títí owó á fi jáde. Ìjàlọ kì í búni, ó ń jẹni. Yánníbo kó ẹrù, ó di ilé bàbá rẹ̀. Ìjàpá ò rí oorun sùn. Ó gbé gìtá kó lè fi ta oorun sójú ìjàlọ kó sì sá; bó ṣe ta á, àwọn tó ti sùn nínú wọn jí.

Ó ránṣẹ́ sí Ọjà Igbó: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi ta á fún wọn."

Alágẹmọ ní kò burú, òun ń bọ̀. Ó gbé gìtá kọ́ èjìká, ó gbé ẹsẹ̀ kan.

Lánàá tí mo ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ bọ̀, mo bá a lójú títì. Kò tíì dé Odò Ọbà. Mo kí i. Ó ní bí mo bá dé Ọ̀yọ́, kí n bá òun sọ fún Ìjàpá pé òun ti wà lọ́nà.