Ta Ló Ṣe Fúrídọ̀ọ̀mù fún Kóòṣì Yìí?

Ẹ̀yin ará Òkákà, ẹ̀yin ará Ọ̀tu àti Ìṣẹ́yìn, títí dé Sakí lọ́hùn-ún, ẹ gbà mí o! Ẹ bá mi dá ọ̀rọ̀ yìí, nítorí mo mọ̀ pé ojú tó ń rí mi náà ló ń rí yín. Bí ọmọ kan bá fẹ́ di téèlọ̀ ní ìlú yìí, yóò kọ́kọ́ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, yóò gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, yóò pọnmi, yóò jẹ ìgbájú tí kò níye, ìgbà tó bá pé ọdún gbọọrọ ni ọ̀gá yóò tó ṣe fúrídọ̀ọ̀mù fún un, ẹgbẹ́ téèlọ̀ á péjọ, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á jẹ ìrẹsì, wọ́n á fún un níwèé, á sì gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Nítorí kí ni? Nítorí ṣòkòtò! Ṣòkòtò tó bá fún mi jù, ṣebí a lè tú u. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ fa ọkàn mi, ẹ̀yìn mi, orúnkún mi méjèèjì àti ẹ̀jẹ̀ ríru mi lé lọ́wọ́, òun ò lọ́gàá, kò níwèé, kò lẹ́gbẹ́, ó kàn ra fèrè, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó fún mọ́ra, ó ní kóòṣì lòun! Háà! Ayé wa rèé?

Èmi kọ́ ni mo fọwọ́ ara mi fa ìjàngbọ̀n yìí o. Oògùn koríko ni mo ń tà. Àwọn àgbẹ̀ ló ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sóko, èmi ló ń jókòó lórí àga láti àárọ̀ dalẹ́, ikùn mi sì ń ṣe tirẹ̀. Ni mo bá dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì wé nǹkan mọ́ mi lápá, ó wò mí bíi pé mo jẹ ẹ́ ní gbèsè, ó ní tòkè ti kọjá 140, tìsàlẹ̀ náà ti kọjá 90. Dókítà fún mi lóògùn, ó ní kí n dín iyọ̀ kù, kí n dín àmàlà alẹ́ kù. Àmàlà! Ní Òkè-Ògùn níbí, tí èlùbọ́ ti ń lọ sí Ìbàdàn! Ta ni mo ṣẹ̀? Ó tún ní kí n máa ṣe eré ìdárayá, pé nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2020, ó kéré tán, àádọ́jọ ìṣẹ́jú ni kí àgbàlagbà fi máa ṣe é lọ́sẹ̀. Ó kọ orúkọ oògùn sínú ìwé fún mi, ó kọ ìgbà tí n ó lò ó, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò kọ́ mi ní eré ìdárayá ńkọ́? Kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó kàn tì mí sáàárín ọjà.

Ọjà ọ̀hún sì kún! Ọ̀kan wà lórí WhatsApp tó ń ta tíì tí ń fọ ikùn, ó ń gbé fọ́tò ikùn ńlá àti ikùn pẹlẹbẹ jáde pé ẹnì kan náà ni, bẹ́ẹ̀ ìdodo méjèèjì ò jọra! Òmíràn ń darí kíìpù fíìtì ní pápá ilé ìwé láràárọ̀ Sátidé, ohun tó sì sọ ọ́ di kóòṣì kò ju pé òun ló ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ìyá arúgbó tí orúnkún ń dùn, aboyún, ọmọ ogún ọdún, gbogbo wọn ni yóò ní kí wọ́n fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí kò bá fò, ó di ọ̀lẹ.

Ìyàwó mi, Ìyá Ìbejì, ló wá mú ẹ̀kẹta wálé, géńdé kan tí apá rẹ̀ tóbi ju itan mi lọ. Ó ní, "Ẹ wo ara ẹ̀ ná, Bàbá Ìbejì!" Mo wò ó. Ara rẹ̀ dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara tirẹ̀ ni! Kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, kò mu oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rí, kò mọ bí ẹ̀yìn ṣe ń ké nígbà téèyàn bá bẹ̀rẹ̀ gbé bàtà, ọ̀nà wo ni apá rẹ̀ fi fẹ́ sọ fún un bí tèmi ṣe ń ṣiṣẹ́?

"Dádì," ó ní, "oṣù kan péré, ẹ ò ní dá ara yín mọ̀ mọ́."

Òótọ́ ló sọ, mi ò dá ara mi mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó mú mi lọ sí pápá ilé ìwé, náílọ̀nù dúdú tí wọ́n fi ń kó pàǹtírí ló mú jáde, ó lu ihò mẹ́ta sí i, ó kì í bọ̀ mí lọ́rùn, ó wé e mọ́ mi nínú, ó sì fi sẹ́lótéèpù dì í pinpin. Nínú oṣù Kẹta o! Nínú oòrùn Òkè-Ògùn tí ewúrẹ́ pàápàá ń sá fún! Ó wá gbé àpò sìmẹ́ǹtì tó rọ yanrìn sí lé mi léjìká, ó ní kí n máa lóṣòó kí n máa dìde, ó ní, "Ẹ sé èémí yín, Dádì, ibẹ̀ lagbára wà!" Ẹ gbọ́ o! Kí n má mí! Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ yìí mọ̀ pé béèyàn bá sé èémí gbé ẹrù tó wúwo, ńṣe ni ẹ̀jẹ̀ ríru á fò fẹ̀rẹ̀ lọ sókè, mímí síta ni wọ́n máa ń ní kéèyàn mí nígbà tó bá ń gbé e. Èmi tí dókítà ní kí ẹ̀jẹ̀ mi wálẹ̀!

Ibẹ̀ ni bàbá àgbẹ̀ kan ti gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, ó dúró, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ta ló dì ọ́ báyìí? Owó lò ń san kí o tó làágùn? Máa bọ̀ lóko mi, igba ebè ń dúró dè ọ́, èmi ni n ó sanwó fún ọ!" Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ iléèwé rẹ́rìn-ín, ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, kóòṣì tí mo sanwó fún náà rẹ́rìn-ín!

Ẹ sì wá gbọ́ ohun tó bí mi nínú jù. Omi ni náílọ̀nù yẹn ń lé jáde lára, kì í ṣe ọ̀rá, béèyàn bá ti mumi tán, gbogbo ìwọ̀n tó lọ á padà wá jókòó síbi tó wà. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1997, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́ta tó ń ja ìjàkadì ló kú láàárín nǹkan bí oṣù kan, wọ́n wọ aṣọ rọ́bà nínú ooru, wọ́n ń ṣe wàhálà kí ìwọ̀n wọn lè wálẹ̀ kí ìdíje tó dé, ni àjọ NCAA tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì bá fòfin de aṣọ náà. Àwọn géńdé oníjàkadì o! Kí wá ni tèmi, èmi tí mò ń mí hẹlẹhẹlẹ bí mo bá dìde lọ mú ṣéńjì?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara mi ò ṣe é fọwọ́ kàn. Mo pe kóòṣì lórí fóònù, ó ní, "Ìrora yẹn ló fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́, Dádì." Kò bi mí bóyá mo ti mumi, kò bi mí bí ìtọ̀ mi ṣe rí. Bẹ́ẹ̀ iṣan tí wọ́n bá lò nílòkulò lè fọ́ sínú ara, kí ìdọ̀tí rẹ̀ lọ pa kíndìnrín lára, ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ bá sì ti ṣú dúdú lẹ́yìn irú eré bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ló yẹ kó sáré lọ, kì í ṣe pápá.

Ni mo bá pè é jókòó. Mo ní ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́? Ó ní YouTube. Mo ní ìwé rẹ dà? Ó fi àwọn tó ń tẹ̀ lé e lórí fóònù hàn mí. Mo ní bí mo bá ṣubú lulẹ̀ tí ọkàn mi dákẹ́ ńkọ́? Ó ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, Dádì, ẹ má fẹnu yín pe ibi!" Àmín o! Ṣùgbọ́n mi ò sọ pé kó ṣàdúrà! Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni pé yóò ní kí ẹnì kan sáré wá ìrànlọ́wọ́, kí òun fọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà mi wọlé, ó kéré tán ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sì ní dáwọ́ dúró.

Ta ni n ó wá fẹjọ́ sùn? Àwọn físíò tó ń tọ́jú eegun àti iṣan, Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ wọn gboyè láti ọdún 1966, òfin ọdún 1988 sì gbé ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀ kalẹ̀. Tísà náà ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, TRCN, láti ọdún 1993. Kóòṣì kíìpù fíìtì? Kò sí ìgbìmọ̀ tí òfin gbé kalẹ̀ fún un! Ẹ má sì rò pé òkè òkun sàn jù, ní Amẹ́ríkà gan-an, kò pọn dandan kéèyàn gbàwé àṣẹ ìjọba kó tó pera rẹ̀ ní kóòṣì. Àwọn ẹgbẹ́ bí ACSM tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1954 àti ACE ti ọdún 1985 ló ń ṣèdánwò fún ẹni tó bá fẹ́, wọn ò sì ní fún un níwèé bí kò bá kọ́ bí a ṣe ń dóòlà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Nílé níbí, ẹni tó ka ẹ̀kọ́ eré ìdárayá àti ìlera ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ wà, ẹni tó ka Human Kinetics n'Ìbàdàn wà, National Institute for Sports l'Ékòó náà ń kọ́ àwọn kóòṣì. Wọ́n wà! Àwọn kọ́ ni wọ́n ń mú wá fún mi ṣáá!

Nígbà tí mo sì wá rí ojúlówó kan, ọmọbìnrin tó kàwé n'Ìbàdàn, ṣé ẹ rò pé ara tù mí? Háà! Ó gbé ìwé fún mi kí n kọ ọ́, ṣé àyà ń dùn mí, ṣé òòyì ń kọ́ mi, irú oògùn wo ni mò ń lò, kí ló pa bàbá mi. Kí ló pa bàbá mi! Ṣé ó fẹ́ bá wa pín ogún ni? Ó yẹ oògùn mi wò, ó ní àwọn kan wà nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí kì í jẹ́ kí ọkàn sáré, nítorí náà òun ò ní fi bí ọkàn mi ṣe ń lù mọ bí iṣẹ́ náà ṣe le tó. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní ó ga jù, ó dá mi padà sílé kí n lọ gba ìwé wá lọ́wọ́ dókítà. Èmi tí mo ti ra kánfáàsì tuntun! Nígbà tí mo gbàwé náà dé, kí ló fún mi ṣe? Ìrìn! Ó ní kí n máa yára rìn débi tí n ó fi lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tí n ò ní lè kọrin, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Kò ṣèlérí kankan fún mi, kò ní tíì tó ń tà, nígbà tí mo sì mẹ́nu ba ẹ̀yìn tó ń dùn mí, ó ní ìyẹn kọjá iṣẹ́ òun, kí n lọ rí físíò. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó mọṣẹ́ á máa béèrè, á máa kọ ọ́ sílẹ̀, á máa kọ̀, ẹni tí kò mọ nǹkan kan á ní kò séwu. Ta ni yóò sì fi inú dídùn sanwó fún "mi ò mọ ìyẹn"? Bẹ́ẹ̀ òun gan-an la gbọ́dọ̀ sanwó fún! Ẹ ò rí i pé wọ́n ń fìyà jẹ wá?

Géńdé alápá ńlá yẹn ńkọ́? Ó ti fowó kún owó o, èrò rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù mi wá ra oògùn koríko, ó ní koríko ti bo pápá òun. Mo gbé jálá kan lé e lọ́wọ́. Ọmọ yìí yí i sókè, ó yí i sódì, ó gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó fi èékánná ha ìwé ara rẹ̀, ó wojú mi, ó ní, "Dádì, nọ́ḿbà NAFDAC rẹ̀ dà? Ọ̀dọ̀ ta lẹ ti rà á? Ẹ má bínú o, ayédèrú ti pọ̀ níta." Nítorí koríko!