Ìjàpá, Ìgbín àti Wínsì Ìjọba

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, ó dá lórí Ìgbín, ó sì dá lórí ọkọ̀ ìjọba tó rì sínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ lẹ́bàá Ilé-Ogbó.

Nígbà kan, àwọn ẹranko igbó Ayédire dá ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn sílẹ̀. Wọ́n fi Ilé-Ogbó ṣe olú ìlú, bí àwọn èèyàn náà ti ṣe. Erin ni alága. Odídẹrẹ́ ni agbẹnusọ. Ọmọ Ìwó ni, ta ni kò sì mọ̀ pé Ìwó ló ni odídẹrẹ́? Ìjàpá ni kọ́ńtírátọ̀. Ta ni ì bá tún jẹ́?

Ọ̀nà oko wọn bàjẹ́. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n jiyàn, wọ́n jẹun, wọ́n sì fẹnu kò pé àwọn kò ní í tún ọ̀nà ṣe. Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ń gun òkè, tó ń la ẹrẹ̀ kọjá, ni wọ́n rà, kí alága lè máa fi lọ wo bí ọ̀nà ṣe bàjẹ́ tó.

Wínsì wà nímú ọkọ̀ náà: irin róbótó tí wọ́n ká wáyà mọ́, tí iná bátìrì ń yí. Ìjàpá ló gba iṣẹ́ àwọn ohun èlò tó yẹ kó bá a rìn, ìyẹn ìbọ̀wọ́ awọ, bẹ́líìtì fífẹ̀ tí wọ́n ń fi yí igi ká, púlì àti ṣọ́bìrì. Ó gba owó gbogbo rẹ̀. Ṣọ́bìrì nìkan ló kó dé, kò sì ní èèkù.

Òjò oṣù Kẹsàn-án ń rọ̀ lọ́jọ́ tí alága kọ́kọ́ jáde. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí ọkọ̀ fi rì dé ikùn. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe Ìgbín.

Ìgbín ti ṣiṣẹ́ lórí agbégilódó nígbà èwe rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi wínsì fa gẹdú gun ẹ̀yìn ọkọ̀ nínú igbó. Ó ti rí ohun tí wáyà ń ṣe bó bá já. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló kù fún un, ó sì mọ ibi tí ìyókù wà.

Ó ní, “Ẹ kọ́kọ́ wa ẹrẹ̀ kúrò níwájú táyà. Ẹrẹ̀ ló di ọkọ̀ mú. Bí ẹ bá fà á láì wà á, ẹrẹ̀ àti ọkọ̀ lẹ jọ ń fà. Bẹ́líìtì ni kí ẹ fi yí igi, nísàlẹ̀ pátápátá, igi tútù tó ta gbòǹgbò. Ẹ má fi wáyà yí i kí ẹ wá fi ìkọ́ kọ́ wáyà náà padà. Ibẹ̀ ni yóò ti ṣẹ́.”

Erin ní, “Ṣé kò tíì tán ni?”

“Ẹ má tú wáyà tán lára irin róbótó yẹn. Kó ṣì ká a lẹ́ẹ̀márùn-ún, ó kéré tán. Kíká yẹn ló di ẹrù mú, kì í ṣe nọ́ọ̀tì ìdí rẹ̀. Ẹ da aṣọ wúwo lé wáyà láàárín, kó lè wólẹ̀ bó bá já. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí bátìrì má baà kú. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa fọwọ́ pàṣẹ, kí àwọn yòókù sún sẹ́yìn ju gígùn wáyà lọ. Bí púlì bá wà, a ó mú wáyà gba inú rẹ̀ padà sára ọkọ̀. Yóò rọra wá, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Púlì dà?”

Gbogbo wọn wo Ìjàpá. Ìjàpá wojú ọ̀run.

Ìgbín wá dá orin:

Ìjàpá ọkọ Yánníbo,
— *Fà á jẹ́jẹ́!*
Wáyà ń ké, wáyà ń kùn,
— *Fà á jẹ́jẹ́!*
Má dá a kọjá, má gorí rẹ̀,
— *Fà á jẹ́jẹ́!*
Ẹrẹ̀ ò lẹ́sẹ̀, kò ní í sá,
— *Fà á jẹ́jẹ́!*

Orin náà kò dùn mọ́ Ìjàpá nínú. Ó ní ìjọba tó ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe jẹ́jẹ́. Ó fi wáyà yí igi, ó fi ìkọ́ kọ́ ọ padà, ó wá ya ẹsẹ̀ lé wáyà lórí kí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀. Ó yí ègbè padà:

Ìjàpá ọkọ Yánníbo,
— *Fà á fìrì!*
Alága ń wò wá lójú,
— *Fà á fìrì!*

Òbúkọ ló di bọ́tìnnì mú. Erin pariwo pé, “Fà!” Ìkookò ní, “Dúró!” Ẹfọ̀n ní, “Sọ́tùn-ún!” Odídẹrẹ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tún ọ̀rọ̀ àwọn àgbà sọ, tún gbogbo rẹ̀ sọ pọ̀: “Fà dúró sọ́tùn-ún fà!” Òbúkọ tẹ bọ́tìnnì, kò sì mọ ìgbà tí yóò yọwọ́. Wáyà kùn. Ó ké. Ó ṣẹ́ níbi tí ìkọ́ ti bu ú jẹ, ó sì fò padà, gbàà, sí ẹ̀yìn Ìjàpá. Igbá ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́ yángá-yángá.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Ìgbín ní kí wọ́n gbẹ́ èèkù sí ṣọ́bìrì. Wọ́n wa ẹrẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ̀ka igi sábẹ́ táyà, ọkọ̀ sì jáde fúnra rẹ̀.

Alága gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Ìjàpá ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀, nítorí òun ló mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà jù. Odídẹrẹ́ ka àbájáde fún gbogbo ayé pé láti ojú ọ̀run ni Ìjàpá ti já bọ́, ibi tó ti lọ bá àwọn ẹyẹ jẹun, àti pé kò sí wáyà kankan níbẹ̀. Ìtàn náà lẹ ń pa fún àwọn ọmọ yín títí di òní.

Ìgbín ní irọ́ ni. Lọ́jọ́ náà gan-an ló ti gbéra láti Ilé-Ogbó lọ sí Ìwó, ìlú Odídẹrẹ́, kó lè lọ jẹ́rìí. Kò tíì débẹ̀.