Ìbọn Bà Ọ́, Fáìlì Ò Gbọ́

Bí ìbọn bá ba ṣọ́jà Amẹ́ríkà lójú ogun, ẹ má tètè ké. Ó lè jẹ́ pé kò tíì bà á. Ohun mẹ́ta ni ìlànà wọn ń wò kí wọ́n tó fún ẹni tó fara gbọgbẹ́ ní àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń pè ní Purple Heart. Ọ̀tá ni kó ṣe ọgbẹ́ náà. Kó jẹ́ ọgbẹ́ tó gba kí dókítà wò ó. Kí ìtọ́jú ọ̀hún sì wà nínú àkọsílẹ̀ ìjọba. Méjì àkọ́kọ́ kò le; ọ̀tá kì í ṣahun ọta, dókítà ojú ogun kì í sì í jókòó lásán. Ẹ̀kẹta yìí ni bàbá ìsàlẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tó bá gbọ́n, tí ọta bá ti wọlé sí i lára, kó má pariwo “ẹ gbà mí o.” Kó pariwo “akọ̀wé dà?”

Henry Johnson kò mọ èyí. Adúláwọ̀ ni, alágbàárù ní ibùdókọ̀ ojú irin ìlú Albany, ní ìpínlẹ̀ New York, kó tó wọṣẹ́ ogun. Lóru ọjọ́ kan ní oṣù karùn-ún ọdún 1918, nínú igbó Argonne nílẹ̀ Faransé, àwọn ọmọ ogun Jámánì ya lu òun àti ẹnìkejì rẹ̀, Needham Roberts, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́nà. Johnson ju bọ́ǹbù ọlọ́wọ́ títí tó fi tán. Ó yìnbọn títí ìbọn fi há. Ó wá fi ìdí ìbọn náà lù wọ́n títí tó fi fọ́, ó sì fa ọ̀bẹ yọ. Wọ́n ti ń wọ́ Roberts lọ kó tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ọgbẹ́ 21 ló wà lára rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Àwọn Faransé, tí kì í ṣe àwọn ló bí i, fi Croix de Guerre dá a lọ́lá. Ìwé tí ìjọba tirẹ̀ fi tú u sílẹ̀ kò dárúkọ ọgbẹ́ kan ṣoṣo. Bóyá ẹ̀yìn ìwé ni akọ̀wé kọ ọ́ sí.

Ó kú ní 1929. Ọdún 1996 ni wọ́n tó gbà pé ó fara gbọgbẹ́, tí wọ́n fún un ní Purple Heart. Ọdún 2015 ni Ààrẹ Obama tó fún un ní Medal of Honor, olórí gbogbo àmì ẹ̀yẹ wọn, ọdún 97 lẹ́yìn òru yẹn. Kí ayẹyẹ náà tó wáyé, wọ́n ní kí àwọn tó mọṣẹ́ ìtàn ìdílé tú ìwé ìran rẹ̀ wò. Ìdílé kan wà tó ti gbà tipẹ́tipẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ni àwọn, tó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jà kí orúkọ rẹ̀ má baà parun. Bébà ní kò bá wọn tan rárá. Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ bébà! Ó fi ohun tó ju 70 ọdún lọ wá ọgbẹ́ 21, kò rí i. Wéré ló rí i pé àwọn tó ń gbèjà òkú kì í ṣe mọ̀lẹ́bí òkú. Ní 2023, wọ́n fi orúkọ Johnson sọ ibùdó ológun kan ní Louisiana. Ní 2025, wọ́n yọ ọ́. Polk ni ibùdó náà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, orúkọ ọ̀gágun kan tó bá Amẹ́ríkà jà kí oko ẹrú má baà parẹ́. Polk náà ló tún ń jẹ́ báyìí, àmọ́ wọ́n ní Polk mìíràn ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi bébà tí mò ń sọ hàn yín. DD 214 lorúkọ rẹ̀. Òun ni ajagunfẹ̀yìntì Amẹ́ríkà fi ń gba owó ilé ìwé, òun ló fi ń yá owó ilé, òun ni wọ́n fi ń sin ín ní itẹ́ òkú ìjọba. Àpótí kéékèèké ló kún inú rẹ̀. Ìkẹtàlá ni ti àmì ẹ̀yẹ. Àwọn ṣọ́jà tó ja Ogun Àgbáyé Kejì ní irú tiwọn: àpótí 33 fún àmì ẹ̀yẹ, 34 fún ọgbẹ́. Ẹ wá fojú inú wo ìparí ọdún 1945. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọ̀dọ́mọkùnrin ń darí bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Akọ̀wé kan jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, èèyàn tò jáde kọjá ẹnu ọ̀nà, ẹni tó kàn sì ń wo aago nítorí ìyàwó tó fi sílé. Akọ̀wé bi í bóyá ó gbọgbẹ́. Ó ní kò tó nǹkan. Akọ̀wé tẹ “kò sí.” Ó buwọ́ lù ú, ó sá jáde. Lẹ́yìn 60 ọdún, irin tó ṣẹ́kù sí i nítan ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà òtútù, ṣùgbọ́n àpótí 34 ní kò sí, kò sí náà ni.

Nígbà mìíràn, ẹ̀bi akọ̀wé kọ́. Ní 1947, iléeṣẹ́ ológun pinnu pé gbogbo ẹni tó ti gba báàjì àwọn tó fẹsẹ̀ jà tàbí báàjì oníṣègùn ojú ogun nínú ogun náà tọ́ sí Bronze Star. Ìpinnu rere ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni ín ti wà nídìí àgbàdo wọn ní Iowa. Kò sẹ́ni tó gbé e wá bá wọn. Àwọn fúnra wọn ni yóò kọ̀wé bèèrè ohun tí wọn ò mọ̀ pé ó tọ́ sí àwọn. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló jẹ́ pé ẹ̀yìn ìsìnkú ni ọmọ-ọmọ ṣí àpótí bàbá àgbà, tó rí báàjì níbẹ̀, tó wá béèrè ọ̀rọ̀ wò, tó sì gbọ́ pé gbèsè wà nílẹ̀.

Bí ẹ bá wá fẹ́ tún un ṣe, St. Louis ní ìpínlẹ̀ Missouri ni ẹ ó kọ̀wé sí, níbi tí fáìlì àwọn ṣọ́jà wọn àtijọ́ wà. Tàbí kí n sọ ọ́ dáadáa: níbi tí wọ́n wà títí di ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 1973. Ilé alájà mẹ́fà ni wọ́n kọ́ fún fáìlì. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń kì bọ àjà, tó máa ń tú omi sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bí iná bá ṣẹ́ yọ. Wọn ò fi í sí ibi tí wọ́n to ìwé sí. Wọ́n ní omi lè ba ìwé jẹ́. Iná wá mú àjà kẹfà lóru. Ó jó fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn panápaná sì da mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù omi lu ilé náà. Omi ṣáà dé nígbẹ̀yìn.

Fáìlì tó lọ tó mílíọ̀nù 16 sí 18. Nínú ti àwọn ṣọ́jà orí ilẹ̀ tó fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárín 1912 sí 1960, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún jóná. Ti àwọn ọmọ ogun òfurufú jẹ́ ìdá 75, àmọ́ láti ẹ̀yìn orúkọ Hubbard títí dé Z nìkan. Iná tó mọ̀wé! Ká ní àwọn ọmọ wa ti wà níbẹ̀ nígbà náà, Adébáyọ̀ ìbá bọ́, Olúwọlé ìbá bá a lọ. Wọn ò ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Wọn ò ní ìwé tó ka ohun tó wà nínú ilé náà lẹ́sẹẹsẹ, ká tó sọ pé wọ́n mọ ohun tó jóná. Èyí tí omi rin nínú rẹ̀, wọ́n kó o sínú kéèsì oníke tí wọ́n fi ń ru mílíìkì, wọ́n gbé e lọ sí iléeṣẹ́ McDonnell Douglas, sínú yàrá ràgàjì kan tí wọ́n kọ́ láti fi dán ọkọ̀ tó ń lọ sí gbangba òfurufú wò, ibẹ̀ ni wọ́n ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Ìwé tí wọn ò náwó ẹ̀rọ omi lé lórí dé yàrá àwọn tó ń lọ sí gbangba òfurufú.

Fáìlì Waverly Woodson bá iná yẹn lọ. Adúláwọ̀ ni, oníṣègùn ojú ogun nínú ikọ̀ 320 tó ń fi bàlúùnù ńláńlá dí ọ̀nà mọ́ bàálù ọ̀tá. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1944, ó ti fara gbọgbẹ́ kó tó fẹsẹ̀ kan iyanrìn Omaha ní Normandy. Wọ́n di ọgbẹ́ tirẹ̀, ó sì fi nǹkan bí 30 wákàtí di ti ẹlòmíràn: ó ń yọ ọta, ó ń fa ẹni tó ń rì jáde nínú omi, títí òun náà fi dà wó. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ dábàá àmì ẹ̀yẹ tó ga fún un. Bronze Star ló tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹ má gbàgbé pé ogun náà parí láìsí adúláwọ̀ kan ṣoṣo tó gba Medal of Honor. Ọdún 1997 ni Ààrẹ Clinton tó fún àwọn méje, ẹnì kan péré ló sì wà láàyè láti gbà á. Woodson kú ní 2005. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ àti àwọn aṣòfin tó gbè é lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè, wọ́n ní ẹ̀rí kò tó. Ilé ta ló jóná? Ilé ìjọba. Ta ni kó mú ẹ̀rí wá? Opó. Ní 2024, ọdún 80 gbáko lẹ́yìn ìjà, wọ́n fún un ní Distinguished Service Cross, èyí tó tẹ̀ lé olórí.

Bí St. Louis kò bá rí yín ràn lọ́wọ́, ìgbìmọ̀ kan wà tó ń tún àkọsílẹ̀ ológun ṣe. Tẹ́lẹ̀, ilé aṣòfin ló ń ṣòfin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ìwé rẹ̀ bá ní àṣìṣe; ó sú wọn, ní 1946 wọ́n gbé e fún ìgbìmọ̀. Ìlànà ìgbìmọ̀ yìí ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n á kọ́kọ́ gbà pé ohun tí ìjọba ṣe tọ̀nà. Ẹni tó bá ní kò tọ̀nà ni kó mú ẹ̀rí wá. Ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣèwádìí. Ẹ sì gbọ́dọ̀ dé láàárín ọdún mẹ́ta tí ẹ ti rí àṣìṣe náà, àfi bí wọ́n bá ṣíjú àánú wò yín. Ká ní èdè wa ni wọ́n fi ń jókòó, mo mọ bí yóò ṣe lọ:

“Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Kí la lè ṣe fún yín?”

“Ẹ ṣé, ọmọ mi. Ọta bà mí ní Korea, kò sí nínú ìwé.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ̀rí dà?”

“Ó ṣì wà níbi egungun ìhà mi yìí.”

“A rí i, Bàbá. Ṣùgbọ́n kò ní ọjọ́ oṣù lára, ẹni tó yìn ín ò sì buwọ́ lù ú. Ìwé ilé ìwòsàn ńkọ́?”

“Ọ̀dọ̀ yín ló wà.”

“Ó ti jóná, Bàbá. Ìdí nìyẹn tá a fi ní kí ẹ mú fọ́tókọ́pì wá.”

“Ẹnì kan rí i nígbà tí ọta bà mí.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀! Ibo ló wà?”

“Ó kú síbẹ̀.”

“Ẹ kú àìsinmi, Bàbá. Kó kàn kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí wa.”

Ká sòótọ́, wọ́n ń gbìyànjú. Àwọn akọ̀wé St. Louis máa ń fi ìwé owó oṣù àti ìròyìn òwúrọ̀ ti ikọ̀ kọ̀ọ̀kan so fáìlì tó jóná pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìbéèrè tó wọ́ jọ nígbà kòrónà ju 500,000 lọ, wọ́n sì ti tú u palẹ̀. Bí ó bá já sí rere, ẹ ó gba DD 215, ìwé tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa tẹ̀ lé DD 214 kiri, kó máa bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tọrọ àforíjì.

Ẹ má sì rò pé iná nìkan ló ń jẹ fáìlì. Kò sí iná nínú ọ̀rọ̀ Paris Davis. Ọ̀kan lára àwọn adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá nínú ikọ̀ àkànṣe wọn ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 1965, ní Bong Son ní Vietnam, ìbọn bà á, wọ́n ní kó kúrò, ó ní títí òun yóò fi kó àwọn ọmọ òun jáde. Ọ̀gá rẹ̀ kọ̀wé fún Medal of Honor. Ìwé sọnù. Wọ́n tún un kọ. Ó tún sọnù. Ọdún 2023 ni Ààrẹ Biden tó fi kọ́ ọ lọ́rùn. Ìwé tó sọnù lẹ́ẹ̀kan, àṣìṣe ni. Èyí tó sọnù lẹ́ẹ̀mejì ní ibi tó ń lọ. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ni mo ń fi oríkì yìí kí:

Fáìlì, ọmọ Pẹpẹ Eléruku,
A-jóná-má-jẹ̀bi,
A-sọnù-bèèrè-ẹ̀dà,
Ẹni tí ọta ò rí pa, ìwọ lo fi sílẹ̀ láìlórúkọ.
Ọ̀gágun ń kí ọ, opó ń bẹ̀ ọ́,
O ò wo ẹnì kan lójú.
Kábíyèsí!

Àwọn kan á ní bébà ló ń dá òpùrọ́ lẹ́kun, torí àwọn tó ń gbé àmì ẹ̀yẹ tí wọn ò gbà kọ́rùn kò kéré. Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 2006 wọ́n ṣòfin pé ẹni tó bá parọ́ pé òun gba àmì ẹ̀yẹ ológun yóò jìyà. Ní 2012 ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ fagi lé e: ẹnu rẹ̀ ló fi parọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni kó lo ẹnu rẹ̀. Ìgbà tó di 2013 ni wọ́n tún òfin náà ṣe, pé ó di ẹ̀sùn bó bá fi irọ́ náà wá owó tàbí èrè mìíràn. Ní 2012 yẹn kan náà, wọ́n rí bébà àwọn ṣọ́jà àtijọ́ nínú igbó kan nítòsí Alton ní Illinois, òṣìṣẹ́ St. Louis tó yẹ kó tò wọ́n sínú fáìlì ló lọ dà wọ́n síbẹ̀. Ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹni tí kò gbọ́ ìró ìbọn rí ń sọ̀rọ̀ ogun láàárín ọjà, òfin ní kó máa wí. Ẹni tó jà ń kọ lẹ́tà, ẹ̀rí rẹ̀ wà lábẹ́ ewé.

Kí ló kàn wá? Àwọn ọmọ wa wà níbẹ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ ológun fún àwọn àjèjì tó gbọ́ èdè tí wọ́n nílò, Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n kọ sílẹ̀. Wọ́n ti ti ìyẹn, ṣùgbọ́n àwọn tó ní ìwé ìgbélùú ṣì ń wọlé. Ẹ̀ ń rí wọn lórí Facebook nínú aṣọ ṣọ́jà, tí ìyá wọn ń gbàdúrà nísàlẹ̀ fọ́tò pé ọta ò ní rí wọn. Àmín o. Ẹ̀yin ìyá, ẹ fi kún un pé kí akọ̀wé rí wọn.

Ìwọ ọmọ náà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tú ọ sílẹ̀, ka àpótí 13 kí o tó buwọ́ lù ú. Wo orúkọ ara rẹ pẹ̀lú. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lè ti sọ Ọláòṣebìkan di èèyàn mẹ́ta. Fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí màámi rẹ ní Ṣàgámù, fi ọ̀kan sọ́dọ̀ àbúrò rẹ ní London, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ ní Houston, torí ó ṣòro kí ilé mẹ́ta jóná lálẹ́ ọjọ́ kan. Bí akọ̀wé bá sì ní kí o yára, pé ọkọ̀ fẹ́ lọ, ní kí ọkọ̀ máa lọ. Òmíràn ń bọ̀ lọ́la. DD 215 ò sọ ọjọ́ tí òun ń bọ̀.