Àlùhájì Ti Kú, Ẹ Fi Nǹkan Wé E

Bí ẹ bá gbọ́ tí alukoro ilé-iṣẹ́ kan ń ráhùn pé àwọn oníròyìn ba tòun jẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí wọn. Èmi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ ní tèmi.

Ọmọ ẹgbẹ́ NIPR ni mí, ẹgbẹ́ àwa alukoro tó ti wà láti ọdún 1963, tí òfin ọdún 1990 sì fún láṣẹ lórí iṣẹ́ wa. Òfin yẹn ò sọ nǹkan kan nípa alukoro tó ń ná àwo àpàlà lẹ́nu iṣẹ́. Àìsàn tèmi nìyẹn.

Bàbá kan tó ń ta àwo àtijọ́ ní Mushin ló ní àwo Oroki Social Club ti dé ọwọ́ òun, èyí tí Àlùhájì Haruna Ìṣọ̀lá ṣe ní 1971. Owó tó pè, àfi bí ẹni pé ilé ló fẹ́ tà. Ó ní olórin náà ti kú láti 1983, ta ló tún fẹ́ ṣe òmíràn? Mo gbé fóònù, mo gbohùn mi sílẹ̀ fún un:

"Bàbá, mo mọ̀ pé Àlùhájì ti kú. Ẹ fi nǹkan wé e dáadáa, ẹ má jẹ́ kí oòrùn pa á, mò ń bọ̀ wá gbé e lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi dín owó ẹ̀ kù, ẹ̀yìn ẹ̀ ti ha."

Ẹni tó bá mọ àwo mọ̀ pé oòrùn a máa ká a kò. Àwọn oníròyìn ò mọ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni ohùn mi já sí lórí WhatsApp, lábẹ́ ìkéde tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi síbẹ̀ pé alága ilé-iṣẹ́ tí mo ń ṣe alukoro fún fẹ́ ṣí ilé tuntun. Àlùhájì ni gbogbo ayé ń pe alága náà.

Mo tètè rí i, mo sì sáré pa á rẹ́. Ìbẹ̀rù ni ò jẹ́ kí n wò ó dáadáa: lórí fóònù tèmi nìkan ni mo ti pa á rẹ́. Bó ṣe pòórá lójú mi, mo lọ jẹ àmàlà.

Mi ò tíì jẹ ẹ́ dé ìdajì tí ìpè fi bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan fẹ́ mọ ọjọ́ orí olóògbé. Òmíràn ní ṣé òní náà la máa kírun sí i lára. Obìnrin kan tó ń gba ìpolówó fún ìwé ìròyìn fi iye odindi ojú ewé aláwọ̀ mèremère ránṣẹ́, ó sì yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀. Òun nìkan ló dín owó fún mi lọ́jọ́ náà.

Mo ti kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi láìmọye ìgbà pé ẹni tó ń pa àhesọ kì í tún un sọ. Kí ni mo wá kọ? Lẹ́tà gàdàgbà: ÀLÙHÁJÌ Ò TÍÌ KÚ. Ẹnì kan fèsì pé, "Ṣé ó kù díẹ̀ ni?"

Alága fúnra wọn ló pè mí.

"Ìwọ lo ní kí wọ́n fi nǹkan wé mi?"

"Ẹ dákun sà, kì í ṣe ẹ̀yin. Haruna ni."

"Haruna wo?"

Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Iwájú ẹ̀ ńkọ́, ṣé òun náà ha?"

"Rárá sà, ó mọ́ fonífoní."

"Ibo ní Mushin?"

Ayọ̀ pé wọn ò lé mi ló gbà mí lọ́kàn. Mo júwe àdúgbò, mo júwe òpópónà, mo tún fi nọ́ńbà fóònù bàbá náà ránṣẹ́.

Nígbà tí mo dé Mushin lọ́jọ́ kejì, bàbá ń nu tábìlì tó ṣófo. Ó ní ọkọ̀ dúdú kan ti wá gbé Àlùhájì láti àárọ̀.

"Wọn ò tiẹ̀ ná an," ó ní.