Ọmọ Àdúgbò Wa Ni Abàmì Ẹ̀dá Yẹn

Ẹ sún mọ́bí, kí àwọn ará ìsàlẹ̀ má baà gbọ́. Òkú tí dókítà rán pọ̀ nínú fíìmù Frankenstein ọdún 1931, tó dìde tó ń rìn gbàgìrì-gbàgìrì, ọmọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni! Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Boris Karloff ló ṣe é, ojúlé 36 ní Forest Hill Road, létí Peckham Rye ní London níbí, ni wọ́n sì bí i sí ní 1887. William Henry Pratt lorúkọ àbísọ rẹ̀. Bọ́ọ̀sì 63 ń kọjá níbẹ̀. Àmì aláwọ̀ búlúù wà lára ògiri.

Ìyá Ìbejì tó ń gbé òdìkejì wa ti ń wọ bọ́ọ̀sì yẹn tipẹ́, kò mọ̀. Iye tí ata rodo ń lọ ní Rye Lane nìkan ló mọ̀. Ọ̀rọ̀ ata yẹn gan-an... ẹ jẹ́ n fi sílẹ̀, ilẹ̀ á ṣú.

Lálẹ́ Sátidé, a tún fíìmù náà wò nílé mi, èmi, Ìyá Ìbejì àti abọ́ mọ́ín-mọ́ín kan. Orúkọ àwọn òṣèré ń jáde. Nígbà tó kan abàmì ẹ̀dá, àmì ìbéèrè ni wọ́n fi síbẹ̀. Ìyá Ìbejì ní, "Wọn ò tíì sanwó fún un nìyẹn."

Ibi tọ́rọ̀ ti wọ́ rèé: dókítà rán Fritz, ọmọọṣẹ́ rẹ̀, kó lọ jí ọpọlọ gidi wá. Fritz gbé ìgò, nǹkan dún, ó ta gìrì, ìgò bọ́, ó fọ́ yángá. Ọpọlọ ọ̀daràn tó wà nítòsí ló gbé lọ fọ́gàá, kò sì wí nǹkan kan. Ìyá Ìbejì figbe ta: "Ọmọ mi gan-an nìyí! Mo ní kó ra pańla, Titus ló gbé wálé!"

Wákàtí bíi mẹ́rin ni Jack Pierce fi ń ṣe mákéèpù Karloff lójúmọ́. Mo mọ àwọn ọmọge tó ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó lọ òde ìnáwó, ṣùgbọ́n n ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o.

Kì í ṣe abàmì ẹ̀dá yẹn ló bà mí lẹ́rù, dókítà ni. Ó dá a tán, ó fà á lé ẹlòmíì lọ́wọ́, ó lọ ń múra ìgbéyàwó. Fritz ń fi iná halẹ̀ mọ́ ẹ̀dá náà, ó ń fi pàṣán nà án. Ta ló kọ́ ọ ní nǹkan kan? Òun àti ọmọdébìnrin kan wá ń ju òdòdó sómi, ó ń léfòó. Òdòdó tán lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá gbé ọmọ náà jù sí i. Ìyá Ìbejì gbé ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n gé ibẹ̀ kúrò láyé ọjọ́un, ó tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó dá a padà.

Nígbẹ̀yìn, ará ìlú dáná sun ilé ọlọ mọ́ ẹ̀dá náà lórí. Dókítà yè é. Bàbá rẹ̀ gbé ife wáìnì sókè, ó ń tọrọ ọmọkùnrin fún ìdílé! Ọmọ wo tún ni, Bàbá? Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun ńkọ́?

Bride of Frankenstein ti 1935 la fẹ́ wò ní Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ̀dá náà ti ń sọ̀rọ̀ nínú ìyẹn. Ẹni tó bá ń bọ̀, kó gbé oúnjẹ tirẹ̀ dání.