Ta Ni Kí Á San Ìṣákọ́lẹ̀ Fún?

Ẹ má bá epo rọ̀bì wí o. Epo rọ̀bì kò gbé ìbọn rí, kò wọ bàtà sójà rí, a kò sì gbóhùn rẹ̀ lórí rédíò lọ́jọ́ tí wọ́n kéde ogun. Jẹ́jẹ́ rẹ̀ ló sùn sábẹ́ ilẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé ọwọ́ rẹ̀ wà nínú Ogun Biafra, ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n ń bà lórúkọ jẹ́.

Ohun tí mo sọ nìyẹn nídìí epo pupa ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, tí ìyá elépo kan fi wò mí tìkà-tẹ̀gbin. Ó ń da epo sínú ìgò oníbàárà, ó dáwọ́ dúró kí ìhó orí rẹ̀ rọlẹ̀, ó tún bù sí i títí ó fi kan ọrùn ìgò. Ó ní, "Bàbá oníwèé ìròyìn, ìlú òyìnbó wo ló gbé ọkọ̀ ogun wá sí Èkìtì nítorí iṣu rí?" Ó ku ẹni tí yóò dá a lóhùn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ bí ẹjọ́ ilẹ̀, nítorí kò yàtọ̀. Shell-BP, ilé iṣẹ́ tó ń fa epo, ni ayálẹ̀. Lọ́jọ́ 27, oṣù Karùn-ún, ọdún 1967, Ọ̀gágun Gowon, olórí ìjọba ológun, pín ẹkùn mẹ́rin Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12. Ìlà tó fà ní Ìlà-Oòrùn sì gún régé débi pé Rivers ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú kànga epo ibẹ̀, tí ìpínlẹ̀ àwọn Ibo kò rí ju díẹ̀ lọ. Kí oṣù náà tó parí, lọ́jọ́ 30, Ojukwu, gómìnà Ìlà-Oòrùn, kéde Biafra. Kò pẹ́ tí òun náà fi ránṣẹ́ sí ayálẹ̀ pé ọ̀dọ̀ òun ni kó máa san ìṣákọ́lẹ̀ wá. Gowon ní kó dán an wò.

Kí ni ayálẹ̀ aláìmọwọ́mẹsẹ̀ yóò ṣe? Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ni bí ìdajì BP nígbà náà, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká fi òṣèlú bọ̀ ọ́. Shell-BP ní òun yóò fi pọ́n-ùn 250,000 tu Ojukwu lójú ná. Gowon ní kí ọkọ̀ ogun òun dí ọ̀nà mọ́ epo pẹ̀lú. Lọ́jọ́ 6, oṣù Keje, ìbọn dún.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe jà á. Kí oṣù Keje tó parí, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Bonny, etíkun tí wọ́n ti ń da epo sínú ọkọ̀ òkun. Enugu, olú-ìlú Biafra gan-an, di oṣù Kẹwàá kó tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Èèṣì ni o. Afẹ́fẹ́ òkun ló ṣáà gbé wọn lọ sí Bonny.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ ti pin Harold Wilson, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́mìí. Ísírẹ́lì àti àwọn Lárúbáwá ṣẹ̀ṣẹ̀ jà tán lóṣù Kẹfà ni, ọ̀nà Suez ti dí, àwọn Lárúbáwá sì ti ní Gẹ̀ẹ́sì kò ní rí epo àwọn rà. Ìjọba Wilson kọ́kọ́ ń ṣe bí ẹni tí kò mọ ẹni tí yóò kí. Lẹ́yìn tí Bonny bọ́, ó mọ̀ ọ́n. Ó ń ta ohun ìjà fún Èkó títí ogun fi parí. Lóṣù Kẹjọ, George Thomas, mínísítà rẹ̀ kan, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun kan ṣoṣo tó jẹ Gẹ̀ẹ́sì lógún lójú ẹsẹ̀ ni kí ọrọ̀-ajé Nàìjíríà padà bọ̀ sípò, pàápàá kí àwọn lè padà dé ìdí epo. Ẹ bá mi kí i, olóòótọ́ èèyàn ni. De Gaulle, ààrẹ Faransé, ní tirẹ̀ ń gba ọ̀nà Gabon àti Ivory Coast fi ohun ìjà ran Biafra lọ́wọ́. Pé ilé iṣẹ́ epo Faransé náà ń wá epo ní Ìlà-Oòrùn, ìyẹn kò kàn wá.

Mi ò ní epo nìkan ló dá ogun sílẹ̀. Wọ́n ti pa Ibo bí ẹní pa ẹran ní Àríwá lọ́dún 1966, ẹ̀rù tó bà wọ́n kì í ṣe ẹ̀rù àfọwọ́fà. Adó náà kò lè gbàgbé ọdún yẹn. Lọ́jọ́ 29, oṣù Keje, ni wọ́n mú Adékúnlé Fájuyì ọmọ wa, gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Ironsi, olórí ìjọba ìgbà náà, n'Íbàdàn, tí wọ́n sì pa wọ́n pọ̀. Fájuyì kò béèrè bóyá kànga epo wà nílé àlejò kó tó dúró tì í. Mi ò tíì rí ilé iṣẹ́ epo tí irú ìdúró bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé àkáǹtì rẹ̀.

Ti Iraq kò yàtọ̀. Lópin ọdún 2002, oṣù díẹ̀ kí Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì tó ya wọ ibẹ̀, Baroness Symons, mínísítà Gẹ̀ẹ́sì, ń bá àwọn ilé iṣẹ́ bíi BP ṣèpàdé lórí ìpín wọn nínú epo ibẹ̀. Ní gbangba, Tony Blair, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ní ìsọkúsọ ni kéèyàn máa so epo mọ́ ogun náà.

Ogun Biafra parí lọ́jọ́ 15, oṣù Kìíní, ọdún 1970. Lọ́dún náà gan-an, epo tí Nàìjíríà ń fà lójúmọ́ kọjá mílíọ̀nù kan àgbá. Ìyẹn, wọ́n kà á pé. Ti àwọn tó kú, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọdé tí ebi pa, kò tíì sí ẹni tó kà á: àwọn kan ní mílíọ̀nù kan, àwọn kan ní méjì, àwọn mìíràn ní mẹ́ta.